Ìyá Ìyàwó Tó Kọ́ Òpó Níjó

Ọjọ́ tí káfíńtà yìí gbéyàwó ni orúkọ náà ti mọ́ ọn lórí. Orin ń dún, tọmọdé tàgbà ń jó, ọkọ ìyàwó wá dúró gbagidi láàárín agbo, apá méjèèjì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo òkè bí ẹni tó ń ka pákó àjà. Ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá figbe ta pé, "Ẹ rọra o! Ẹ má fara gbá òpó yẹn, kí ilé má baà wó!" Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ayé ti ń pè é ní Òpó. Kò bínú sí i. Ẹni tó ń fi igi jẹun, tí wọ́n bá pè é ní òpó, ṣé èébú nìyẹn?

Nítorí ìyàwó rẹ̀ nìkan lọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń dùn ún díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ó lè dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀, kó délé, kó bọ́ bàtà, kó tún máa jó nídìí abọ́ tó ń fọ̀. Bí ṣíbí bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìró yẹn gan-an ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ orin. Àwọn ìbejì tí wọ́n bí, tí wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé, ìyá wọn ni wọ́n fi jọ. Bí wọ́n bá wálé nígbà ìsinmi, ẹni mẹ́ta ni yóò máa gbọ̀n jìgìjìgì ní kíṣìnnì, bàbá á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pàtẹ́wọ́, ìyẹn náà kò sì ní bá orin mu.

Ibi tí nọ́ọ̀sì ti rí ijó kò jìnnà. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Ibi tí ìyá rẹ̀ sì ti rí i ni fíìmù kan báyìí tí wọ́n ń pè ní Ijó Orí Àtẹ̀gùn.

Ẹni tí kò bá tíì wo fíìmù náà, ìtàn rẹ̀ kò ṣòro. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń fọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin. Àwọn méjèèjì lọ kọ́ ijó níbì kan náà, ẹni tí kálukú wọn fẹ́ bá jó kò wá, ni olùkọ́ bá so wọ́n pọ̀. Wọ́n jà. Wọ́n parí ìjà. Wọ́n tún jà, èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọkùnrin sì bínú kúrò nílùú. Ìgbà tó padà dé, ó bá obìnrin lórí àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì náà, agbọ̀n aṣọ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, épúrọ́ọ̀nù ń bẹ nídìí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jó, láti òkè dé ilẹ̀, lójú gbogbo àlejò. Ó tán. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kú, kò sí ẹni tó di olówó. Síbẹ̀, àwọn tó wò ó nígbà tí wọn ò tíì lọ́kọ ti di ìyá àgbà, wọn ò yé wò ó, àwọn ọmọ wọn náà kò sì yé wò ó.

Aránṣọ ni ìyá ìyàwó Òpó kó tó fẹ̀yìn tì. Òpópónà tó tẹ̀lé tiwọn ló ń gbé. Ọjọ́ Àìkú tí nọ́ọ̀sì kò bá lọ síbi iṣẹ́, màmá á dé, wọ́n á po tíì, wọ́n á sì tan fíìmù wọn. Òpó náà á jókòó tì wọ́n, torí ojú àna. Ṣùgbọ́n kí ọ̀dọ́mọbìnrin inú fíìmù tó sá aṣọ àkọ́kọ́ tán, oorun á ti gbé ọkùnrin náà lọ, á sì máa hanrun bí ayùn tó ń re igi líle.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń wá níbẹ̀ gan-an?" ó bi wọ́n lọ́jọ́ kan tí ariwo wọn jí i. "Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa parí. Wọ́n á jà, wọ́n á jó."

Màmá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu omi ojú nù. "Bàbá Ìbejì, oúnjẹ tó o jẹ lánàá, ṣé o ò mọ bó ṣe rí lẹ́nu ni? Kí ló wá dé tó o tún ń jẹun lónìí?"

Òpó yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó padà sẹ́nu oorun rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, obìnrin kan ra ilé sinimá àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìfowópamọ́. Ilé náà ti wà ní títì láti ọdún mélòó kan, ikán sì ti fi pákó ilẹ̀ rẹ̀ ṣe oúnjẹ. Onísinimá, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pe obìnrin náà, jẹ́ ẹnì kan tí kì í rìn bí kò ṣe kó sáré, ohùn rẹ̀ á sì ti débẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Òpó ló pè pé kó wá ṣe ilẹ̀. Ó ní fíìmù tí òun máa fi ṣílé ni Ijó Orí Àtẹ̀gùn, torí pé gbogbo ẹni tí òun bi léèrè ló ń dárúkọ rẹ̀. Bó bá ti parí, wọ́n á kó àwọn àga iwájú kúrò, wọ́n á fi orin inú rẹ̀ sí i, ẹni tó bá wù á jáde, á jó.

"Torí náà, ilẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ tẹ́ o," ó sọ fún Òpó. "Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tí ò mọ̀ọ́ jó ní ń sọ pé ilẹ̀ ò tẹ́jú. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí àwáwí kankan wí."

Òpó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ bí èérún igi ṣe ń wọ abẹ́ èékánná. Òun tí òun fẹ́ tẹ́ ilẹ̀ yìí, kí ni òun fúnra òun máa wí?

Bó ti délé ló ròyìn fún ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fò sókè, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán yí gbogbo pálọ̀ ká. "Lójú aṣọ sinimá ńlá! Látijọ́ tí mo ti ń wò ó, nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré yìí ni. Màmá nìkan ló tíì wò ó ní sinimá. Háà, mà á pè wọ́n nísinsìnyí!" Ó gbé fóònù. Lẹ́yìn náà ló rántí ọkọ rẹ̀, ó sì fọwọ́ pa á léjìká. "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá Ìbejì. Èmi àti Màmá la máa lọ. Tó bá parí, kẹ́ ẹ kàn wá fi ọkọ̀ gbé wa."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Kò fi ṣẹ̀sín. Bí ẹni tó ń sọ fún aláìsàn pé kó má dìde ló ṣe sọ ọ́, ìyẹn ló sì dun Òpó. Ó rí i pé obìnrin náà kò retí nǹkan kan lọ́dọ̀ òun mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ijó, bí ẹni tí kò retí òjò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí iṣẹ́ ti wọra. Òpó wà lórí eékún níwájú gbọ̀ngàn, ìṣó kún ẹnu rẹ̀, ó ń kan pákó tuntun. Onísinimá wà lókè níbi tí ẹ̀rọ fíìmù wà, ó ní òun fẹ́ dán an wò. Iná kú lójijì. Orí aṣọ funfun tó ga ju ilé lọ, ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn yọ, ó ń fọ aṣọ.

Òpó fẹ́ pariwo pé kí wọ́n tan iná fún òun, ṣùgbọ́n ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó bá jókòó sórí pákó pé òun máa ní sùúrù díẹ̀. Sùúrù náà di ìjókòó pẹ́sẹ́. Kò sí tìmùtìmù lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó ń bu tíì mu, oorun kò sì wá. Ó rí ọmọkùnrin oní-tíkẹ́ẹ̀tì tó ń kọ́ ijó, tó ń ṣìṣe, tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àga tó fẹsẹ̀ gbá. Ó rí ìjà. Ó rí àtẹ̀gùn.

Ohun tí ìyàwó rẹ̀ àti ìyá ìyàwó rẹ̀ kò sọ fún un rí, tàbí tí wọ́n sọ nígbà tó ń sùn, ni pé ọkùnrin náà kọsẹ̀. Láàárín ijó, lójú gbogbo àwọn olówó tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá àtẹ̀gùn mu, ó sì fẹ́ ṣubú. Òpó ti gbé ọwọ́ bojú fún ìtìjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fà á mọ́ra, ó bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kì í fini ṣẹ̀sín, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn, ọkùnrin náà jókòó tì í, wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Wọ́n wá dìde, wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí iná padà dé, Òpó ṣì jókòó síbẹ̀. Onísinimá sọ̀kalẹ̀ wá, ó wò ó.

"Ìṣó ṣì wà lẹ́nu yín o, ọ̀gá."

Òpó tu ìṣó sọ́wọ́. "Mo rò pé àwọn tó mọ ijó ni wọ́n ṣe é fún," ó wí.

"Àwọn tó mọ ijó kẹ̀?" Onísinimá rẹ́rìn-ín. "Mélòó ni wọ́n? Tó bá jẹ́ pé àwọn nìkan ló ń wò ó ni, ta ni ì bá máa rántí rẹ̀ dòní?"

Òpó ò dúró kan ìṣó mìíràn lọ́jọ́ náà. Ilé ìyá ìyàwó rẹ̀ ló gbà lọ, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkàn màmá fò lọ.

"Ṣé kò sí o? Ọmọ mi ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Àlàáfíà ni."

"Kí lo wá ń dọ̀bálẹ̀ lọ́sàn-án gangan fún? Ṣé ẹ jà ni?"

"Rárá o, mà." Òpó ò dìde. Ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ kọ́ mi níjó."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú màmá bí omi inú kẹ́túlù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú. Ìgbà tó jókòó tán tó mí kanlẹ̀, ó rí i pé ọkùnrin náà ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì yẹ̀, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe àwàdà.

"Dìde, ọmọ mi," ó wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀la, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ilé yín kò dáa, ìyàwó rẹ lè bá wa níbẹ̀. Má sọ fún un o."

Báyìí ni ilé ẹ̀kọ́ ijó ṣe ṣí láàárín pákó àti fánníìṣì. Ìṣòro àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀, ọwọ́ ni. Òpó ò mọ ibi tó máa fọwọ́ kàn lára ìyá ìyàwó. Ó na ìka méjì sí i bí ẹni tó fẹ́ mú ẹyin gbígbóná.

"Àna rẹ ni mí, èmi kì í ṣe iná," màmá wí. "Dì mí mú."

"Màmá, ẹ foríjì mí. Ọwọ́ mi ò gbọ́ràn."

"Ó dáa. Kí ló wà níbí tó o lè dì mú láìbẹ̀rù?"

Òpó wò yíká. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà kan fara ti ògiri, ó ga tó ènìyàn, ó sì ti dán. Ó lọ gbé e, ó sì dì í mú dáadáa, torí pé igi kì í bà á lẹ́rù. Màmá wá dúró síwájú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i, ó ká etí aṣọ sókè díẹ̀ kí ẹsẹ̀ hàn. "Ẹsẹ̀ mi ni kó o máa wò. Ohun tí mo bá ṣe ni kí o ṣe. Má ronú. Ìrònú ló pa ẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn."

Màmá ń fi ẹnu kọ orin, Òpó àti ilẹ̀kùn ń tẹ̀lé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń gun àkàbà. Ó fi ilẹ̀kùn gbá fìtílà. Ó tẹ páànù gúlúù mọ́lẹ̀, gúlúù sì mú bàtà rẹ̀ mọ́lẹ̀, màmá ti lọ jìnnà, òun ṣì wà lójú kan. "Wàyí o, òpó ti ta gbòǹgbò!" màmá kígbe, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí tí wọn ò fi lè ṣe nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń rọ̀. Nígbà mìíràn tó bá ń fági, á bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń fi èjìká tẹ̀lé orin tí kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́.

Bó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á mu omi tútù. Níbẹ̀ ni Òpó ti wá bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, láìfi ṣe yẹ̀yẹ́, pé kí ló ń rí nínú fíìmù náà tí kò sú u.

Màmá gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, ọmọdébìnrin ni mí. Ọkùnrin yẹn nìkan ni mò ń wò. Mo ní irú rẹ̀ ni màá fẹ́. Mo wá fẹ́ bàbá ìyàwó rẹ, kò jọ ọ́ rárá, kódà níbi irun." Ó rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mo bímọ, ìyá ọmọbìnrin yẹn ni mo wá ń wò, èyí tó ń dúró lójú fèrèsé títí ọmọ á fi wọlé. N ò mọ̀ pé ó wà nínú fíìmù yẹn tẹ́lẹ̀! Nísinsìnyí tí orúnkún ń dùn mí, ẹsẹ̀ wọn ni mò ń wò. Fíìmù kan náà ni o, kò yí padà. Èmi ni mò ń yí."

Àṣírí kò ṣeé fi pákó bò fún ìgbà pípẹ́. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Òpó rí ohun tójú rẹ̀ rí láti ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì ń kọjá lọ sílé, ó pè é sápá kan.

"Màmá Ìbejì, ẹ má bínú o. Ọ̀rọ̀ ò kàn mí. Ṣùgbọ́n ọkọ yín ń bá ilẹ̀kùn jó."

"Ó ń bá kí ni?"

"Ilẹ̀kùn. Ó gbá a mọ́ra. Ó tún ń rẹ́rìn-ín sí i."

Onígbàjámọ̀ kò rí màmá, torí ẹ̀yìn òkìtì pákó ni màmá máa ń dúró sí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí Òpó ṣe jókòó sídìí oúnjẹ, ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án níwájú orí. Ó lọ mú ohun tí wọ́n fi ń wo ìgbóná ara wá, ó tì í bọ̀ ọ́ lábíyá.

"Ṣé orí kì í fọ́ yín? Ṣé ẹ kì í rí nǹkan méjì méjì? Òórùn fánníìṣì yẹn, ṣé ẹ ń ṣí fèrèsé?"

"Ara mi le koko."

"Wọ́n ní ẹ ń bá ilẹ̀kùn jó."

Òpó gbé oúnjẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. "Mò ń wò ó ni, bóyá ó máa yí dáadáa."

Nọ́ọ̀sì wo ohun ọwọ́ rẹ̀, kò sí ibà. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó rí i pé inú ọkùnrin náà ń dùn. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń yọjú wo ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tiwọn nínú iyàrá, bí ẹni tó ń wo orogún.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Ọ̀sán ni wọ́n fi í sí. Kò sí àga tó ṣófo. Àwọn àgbàlagbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí a ò tíì bí nígbà tí fíìmù náà jáde sì tò gbọọrọ lẹ́yìn, wọ́n ti ń pariwo kí iná tó kú. Nígbà tí onítíkẹ́ẹ̀tì inú fíìmù kọ́kọ́ lanu sọ̀rọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ló bá a sọ ọ́. Bí ìyá ọmọbìnrin bá yọ sójú fèrèsé, àwọn àgbà á ní, "Háà, ìyá!" Ọkùnrin kan lápá òsì ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ohun ẹkún kò tíì dé rárá.

Nọ́ọ̀sì jókòó sáàárín ìyá rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé ọkùnrin náà ní òun máa jókòó, òun ò ní dúró sínú ọkọ̀. Ó yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan bóyá oorun ti mú un. Ojú Òpó là sílẹ̀ rekete. Ó tún wò ó. Òpó ti tẹ̀ síwájú lórí àga, ẹnu rẹ̀ ń mì tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí àtẹ̀gùn, kí ẹsẹ̀ ọkùnrin inú fíìmù tó yẹ̀, Òpó ti wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ nínú òkùnkùn, ó dì í mú ṣinṣin.

"Bàbá Ìbejì," nọ́ọ̀sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ìgbà wo lẹ wo fíìmù yìí?"

"Dákẹ́," ó ní, "ó fẹ́ rẹ́rìn-ín."

Iná tàn. Àtẹ́wọ́ fẹ́ wó ilé. Wọ́n kó àwọn àga iwájú kúrò, pákó tuntun sì ń dán gbinrin nílẹ̀, orin bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ti ara wọn pé ìwọ lọ, ìwọ lọ, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kọ́kọ́ jáde. Òpó bá dìde. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ ọmọ.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa bá mi jó?"

Láti ọdún tí ó ti fẹ́ ẹ, kò tíì fi "ẹ" pè é rí. Nọ́ọ̀sì wo ìyá rẹ̀. Màmá ń wo òrùlé, ó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀rín rẹ́ lẹ́nu. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì dìde.

Gbogbo gbọ̀ngàn mọ Òpó. Ariwo sọ. Wọ́n bọ́ sórí ilẹ̀ pákó, wọ́n di ara wọn mú, bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́. Òpó kò fi ìka méjì mú un. Ó rántí ilẹ̀kùn. Orin dé ibi tí ẹsẹ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀. Òpó gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì náà gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ọwọ́ wọn gùn kanrin láàárín wọn bí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí.

"Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀," Òpó wí, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

Wọ́n padà dúró. Orin dé. Òun lọ sẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ẹnì kan láàárín èrò ní, "Ṣé wọ́n ń kọ ara wọn ni?" Ẹ̀rín bú. Nọ́ọ̀sì dúró, ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ̀ náà mọ́ ọn lára. Ìka òde ló kọ́kọ́ ń kan ilẹ̀, gìgísẹ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lẹ́, ìdí sì ń yí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà èwe nọ́ọ̀sì ló ti mọ ẹsẹ̀ yẹn.

"Ta ló kọ́ yín?"

Òpó yíjú sí ìyá ìyàwó rẹ̀. Màmá ti dìde dúró níbi tó wà, ó fi ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Yéè! Mo gbé! Ẹsẹ̀ obìnrin ni mo kọ́ ọ!" Gbogbo ilé gbọ́ ọ. "Òun nìkan ni mo mọ̀! Bàbá yín, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, kò bá mi jó rí. Èmi àti ògiri la jọ ń jó! Ta ló rántí pé ọkùnrin ní ẹsẹ̀ tirẹ̀?"

Gbọ̀ngàn dà rú. Àwọn àgbàlagbà ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Onísinimá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú agbọ̀n tí wọ́n kó tíkẹ́ẹ̀tì sí. Òpó dúró láàárín gbogbo rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń padà sí bó ṣe máa ń rí, apá ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kó parí. Ó fi orí lé e láyà, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n débi pé ọkùnrin náà ò mọ̀ bóyá ẹkún ni.

"Tìtorí mi lẹ ṣe kọ́ ọ? Lọ́dọ̀ Màmá? Pẹ̀lú ojú àna tẹ́ ẹ máa ń tì?"

"Wọ́n ní kí n máa bá ilẹ̀kùn jó ná."

"Bàbá Ìbejì!" Ó nu ojú rẹ̀ mọ́ aṣọ ọkọ rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọwọ́ ọkùnrin náà lé èjìká tirẹ̀, ó gbá a mú ní ìbàdí. "Èmi ni ọkùnrin lónìí. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń wo ọmọ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ṣé ẹ rò pé ojú rẹ̀ nìkan ni mò ń wò? Ẹ máa lọ sẹ́yìn yín jẹ́jẹ́. Ibi tẹ́ ẹ bá ń lọ, mo ń bọ̀."

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Òpó gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e síwájú. Òpó yí, obìnrin náà ló yí i. Wọ́n lọ láti ìhà kan dé ìhà kejì, orí pákó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, kò sì sí pákó kan tó dún. Kò jó bí ti inú fíìmù. Ó ṣì le díẹ̀ níbi ọrùn, ó sì ń ka ẹsẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìgbà tí orin ga sókè, tí ìyàwó rẹ̀ tì í lọ tó sì fà á padà wọlé, ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀ jó, kò bi í léèrè. Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà ní ilé ìfowópamọ́ jáde wá wò bóyá iná ló ń jó. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lójú tì mọ́. Tọkọtaya ń jáde, ìyá àti ọmọ ń jáde, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń dì mọ́ ara wọn, onígbàjámọ̀ fa Onísinimá jáde nínú agbọ̀n rẹ̀. Ilẹ̀ kún fọ́fọ́.

Ìgbà tí wọ́n jáde, oòrùn ò tíì wọ̀ tán. Ó ràn sára ògiri ilé sinimá náà, ó pọ́n bí ọsàn. Òpó ń sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn, ó ń fi ẹnu kọrin. Nọ́ọ̀sì gbé bàtà rẹ̀ dání. Màmá kò tẹ̀lé wọn. Ó dúró lójú ọ̀nà, níbi tí ìró orin ṣì ti ń yọ jáde láti inú gbọ̀ngàn.

"Màmá, ẹ wọlé ká máa lọ," nọ́ọ̀sì wí. "Ó ti rẹ̀ yín."

"Kí ló rẹ̀ mí? Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá ná. Ohun tó o ṣe fún ọkọ rẹ nínú ilé yẹn, bó o ṣe ń dà á lọ síwájú, kọ́ èmi náà."

"Nísinsìnyí? Ní títì?"

"Ìgbà wo ló tún kù? Ẹ̀yìn ni mo ti ń rìn láti ìgbà ọmọdé mi. Mo fẹ́ mọ bí iwájú ṣe rí."

Nọ́ọ̀sì sọ bàtà rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó fi bí ẹsẹ̀ ṣe ń bọ̀ hàn án. Màmá wò ó dáadáa, ó sì na ọwọ́ sí àna rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, máa bọ̀. Di èjìká mi mú. Má fi ìka méjì mú mi o!"

Òpó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Màmá gbé tirẹ̀ síwájú, ó fẹ́ ṣubú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún un gbé.